Ẹ̀kọ Tó Wà Nínú, Ṣé Síkáànì Lè Wọ̀n Ọ́n?

Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Láfẹ́nwá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà, ife ẹ̀kọ mímu kan ṣoṣo ló sì dá a sílẹ̀.

Ìyá elélùbọ́ kan, ẹni àádọ́ta ọdún, ni wọ́n fẹ́ yọ iyún fún ní ọsibítù kan. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹun láti òru. Nígbà tó di ìdájí, ebi ò jẹ́ kó gbádùn, ló bá rọra mu ẹ̀kọ gbígbóná. Dókítà tó máa fún un ní abẹ́rẹ́ oorun bi í léèrè, ó ní òun ò fi nǹkan kan kan ẹnu. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló tú àṣírí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi mu ẹ̀kọ." Wọ́n bá sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú.

Inú bí ìyá wa. Bó ṣe dé ìsọ̀ ló fariga: "Ṣebí wọ́n ṣe síkáànì fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá! Kí ló dé tí wọn ò fi wò ó pé ẹ̀kọ ọ̀hún ò tó nǹkan?" Ìyá aláta ní, "Ìyá Elélùbọ́, ẹ̀rọ wo ló fẹ́ wọn ẹ̀kọ nínú èèyàn? Irọ́ ni!" Àwọn mìíràn sì ń pe ọmọ náà ní ọ̀dàlẹ̀.

Èmi náà bá mú bírò mi, mo lọ wádìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń febi pa aláìsàn. Bí abẹ́rẹ́ oorun bá ti ran èèyàn, ọ̀fun ò lè ṣọ́ra mọ́. Ohun tó wà nínú lè gòkè wá, kó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà Curtis Mendelson kọ ọ́ ní New York ní 1946 pé, nínú ìbímọ 44,016 láàárín 1932 sí 1945, ó ṣẹlẹ̀ sí abiyamọ 66. Méjì nínú wọn kú.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká fi omi lásán sílẹ̀ fún wákàtí 2, oúnjẹ fúyẹ́ fún wákàtí 6, ẹran àti ọlọ́ràá fún wákàtí 8. Ṣùgbọ́n aago kì í wo inú ẹni. Oúnjẹ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí obìnrin tó ń rọbí. Ibẹ̀ ni síkáànì ti wúlò.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Láfẹ́nwá mọ̀ pé ṣàkì kì í ṣe garawa. Bó bá ṣófo, á wé mọ́ra. Bó bá kún, á fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpòlúkù èèyàn. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí síkáànì rí gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, aláìsàn á fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀ kí omi sàn sísàlẹ̀, dókítà á wá wọn ìsàlẹ̀ àpòlúkù nìkan.

Ní 2013, Dókítà Anahi Perlas àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto fa omi inú àwọn èèyàn jáde, wọ́n fi wé ohun tí síkáànì sọ, wọ́n sì gbé ìṣirò kan jáde. Ẹ wò ó lára ẹni 50 ọdún tó wọn kílò 60. Bí ojú ibẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 5, omi inú rẹ̀ á tó mìlílítà 36. Bó bá jẹ́ 10, á di 109. Ààlà tirẹ̀ sì ni 90, tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ní ibi tó mọ. Kò kọjá mìlílítà 500, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Kò wà fún ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí àpòlúkù rẹ̀. Ọwọ́ tó di ẹ̀rọ náà mú ṣe pàtàkì: ìwádìí kan ní 2013 fi hàn pé dókítà ní láti ṣe é tó ìgbà 33 kó tó já fáfá. Èyí tó kan ìyá wa jù ni pé omi lásán ni wọ́n ń fi ìṣirò yìí wọ̀n. Bí síkáànì bá ti rí ẹ̀bà, tàbí ẹ̀kọ tó ki, kò sí pé ó kéré. Inú ti kún nìyẹn.

Nítorí náà, ìyá aláta, ẹ̀rọ wà. Ìyá Elélùbọ́, síkáànì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò lè rí ẹ̀kọ òní; iyún ló wá lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ń wo àpòlúkù kí wọ́n tó fúnni lábẹ́rẹ́. Ohun tí dókítà ní jù ni ẹnu yín.

Ẹ má pe ọmọ yẹn ní ọ̀dàlẹ̀ mọ́ o. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nígbà tí ìyá wa padà lọ, kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Wọ́n yọ iyún náà, ó sì ti wà ní ìsọ̀ rẹ̀ báyìí, ó ń wọn èlùbọ́.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.