Ẹyin Tí Kò Pa Ni A Rí

Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí àti ibi tí a óò bí i sí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, nítorí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà dé ibẹ̀ jìn díẹ̀: ọ̀dọ̀ àwọn dáínósọ̀ ni mo fẹ́ gbà.

Láti ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ lé wa kiri. Ṣé Ajégúnlẹ̀ yìí náà ni a fẹ́ bímọ sí? Àwọn ọ̀rẹ́ ń bi wá, ẹbí ń bi wá. Nígbà òjò tó kọjá, ìyá ọkọ mi dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n wo omi tó ti dé àtẹ̀gùn, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ṣé inú omi yìí lẹ ó ti máa wẹ ọmọ fún mi?” Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọkọ mi ní kí a kó lọ sí Ìkòròdú, níbi tí owó ilé ti rọjú, kí a tó ronú ọmọ. Èmi kò tíì dá a lóhùn. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni a wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹyin dáínósọ̀.

Nínú fíìmù ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ dáínósọ̀, ẹran ńlá tó ń lé ènìyàn kiri. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kú run tipẹ́tipẹ́ kí ènìyàn tó dé ayé, ewé ni púpọ̀ nínú wọn sì ń jẹ. Nítòsí wa níhìn-ín, ní aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, àwọn olùwádìí ti hú egungun Ouranosaurus àti Nigersaurus, ajewé sì ni àwọn méjèèjì. Ẹyin ni àwọn dáínósọ̀ ń yé. Bí ẹrẹ̀ bá tètè bo ẹyin kan mọ́lẹ̀, èròjà inú omi ilẹ̀ lè máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òkúta. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí lónìí.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ nínú ohun tí mo kà wá láti Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1976, James Kitching, olùwádìí ní Yunifásítì Witwatersrand, rí ẹyin 6 tó ti di òkúta ní ibi tí wọ́n ń pè ní Rooidraai, nínú ọgbà Golden Gate Highlands. Ẹyin Massospondylus ni, ajewé ọlọ́rùn gígùn tó ti gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 190 ọdún sẹ́yìn. Ìyá lè gùn tó mítà 6 láti imú dé ìrù, ìyẹn ni pé ó gùn ju ọkọ̀ dáńfó lọ. Síbẹ̀, ẹyin rẹ̀ kò ju sẹ̀ńtímítà 6 tàbí 7 lọ. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an.

Ní ọdún 2005, Robert Reisz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé bí àwọn ọmọ inú ẹyin náà ti rí. Orí wọn tóbi, eyín wọn kò sì tíì jáde dáadáa. Èyí mú kí wọ́n rò pé ìyá wọn ní láti tọ́jú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin. Ní ọdún 2012, wọ́n tún kéde ohun mìíràn. Ìtẹ́ tó wà níbẹ̀ kò dín ní 10. Ẹyin inú òmíràn tó 34, wọ́n sì fara ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí bí ẹni pé ìyá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n. Àwọn ìtẹ́ náà kò sí lórí ìpele ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ó hàn gbangba pé àwọn ìyá ń padà wá síbẹ̀ léraléra láti yé ẹyin, àti pé wọ́n ń yé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ipasẹ̀ kéékèèké tún wà ní àyíká náà. Ìwọ̀n ipasẹ̀ wọ̀nyí fi hàn pé àwọn ọmọ kò kúrò nídìí ìtẹ́ títí wọ́n fi tóbi tó ìlọ́po méjì bí wọ́n ti rí nígbà tí wọ́n jáde.

Wàyí o, irú ibo ni wọ́n yàn yìí? Etí omi ni, omi tó máa ń kún. Bí ó bá ti kún, ẹrẹ̀ rẹ̀ yóò bo ìtẹ́ mọ́lẹ̀. Ní èdè tiwa, omíyalé ni. Ẹrẹ̀ omíyalé náà ló pa àwọn ẹyin wọ̀nyí mọ́ fún wa.

Nígbà tí mo dé ibí yìí nínú ìwé, mo pa á dé, mo ronú. Ẹyin tó di òkúta pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀, ẹyin tí kò pa ni. Èyí tó pa, èèpo rẹ̀ fọ́, ọmọ inú rẹ̀ sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí kò yọrí sí rere ló rọrùn jù láti rí, nítorí ojú kan ló wà. Bí a bá fi àwọn ẹyin tó wà nínú òkúta nìkan ṣe ìdájọ́, a óò sọ pé ibi ikú ni Rooidraai. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹyin ibẹ̀ bá ń kú, ta ni yóò bí àwọn ìyá tó ń padà wá? Ipasẹ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn ni ẹ̀rí àwọn tó là.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ka Ajégúnlẹ̀. Ọmọ tí ìjà ìgboro pa, ilé tí omi wọ̀, èyí ni ìròyìn ń gbé. Lóòótọ́, àwọn olókìkí bí Odion Ighalo agbábọ́ọ̀lù àti Daddy Showkey olórin kò ṣeé fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tíṣà, àwọn télọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì tó ti inú yàrá kan ṣoṣo jáde níbí? Àwọn mìíràn nínú wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kọ Ajégúnlẹ̀ sínú ìwé ìwáṣẹ́. “Àpápá” ni wọ́n ń kọ, kí a má bàa fojú àdúgbò wò wọ́n. Wọ́n ti rìn lọ. Ipasẹ̀ wọn ló kù.

Kì í ṣe gbogbo dáínósọ̀ ajewé ló ń dúró ti ọmọ. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Íńdíà kéde ìtẹ́ 92 àti ẹyin 256 tí wọ́n rí ní àfonífojì odò Narmada. Ti àwọn titanosaur ni, àwọn òmìrán ọlọ́rùn gígùn. Àwọn ìtẹ́ náà há mọ́ ara wọn débi pé ìyá kò lè rí àyè gbà padà sáàárín wọn, nítorí náà wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti yé ẹyin tán, wọn a fi í sílẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, nǹkan bí mítà 7 ló wà láàárín ìtẹ́ kan àti èkejì. Egungun ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ kò tíì le, bẹ́ẹ̀ eyín wọn ti jẹ. Jack Horner àti Robert Makela gbà pé ìyá ló ń gbé oúnjẹ wá bá wọn. Ní ọdún 1979, wọ́n sọ ẹranko náà ní Maiasaura, èyí tó túmọ̀ sí aláǹgbá tó jẹ́ ìyá rere.

Èyí ni mo fi dá ọkọ mi lóhùn. Wọ́ọ̀fù Àpápá ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Láti ibí, bí tírélà kò bá dí ọ̀nà, ó lè dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí a bá kó lọ sí Ìkòròdú, kí àkùkọ tó kọ ni yóò ti máa jáde, ọmọ yóò sì ti sùn kí ó tó wọlé. Ilé tó gbẹ dára, ṣùgbọ́n ìtẹ́ tí òbí kò lè tètè padà sí ńkọ́? Níhìn-ín, àwọn ìyá mẹ́ta ló wà ní òdẹ̀dẹ̀ wa tí mo lè gbé ọmọ lé lọ́wọ́ láìbẹ̀rù. Ta ni mo mọ̀ níbi tí à ń lọ?

N kò torí èyí yin omíyalé o. Ẹranko kò lè wa gọ́tà, àwa lè wà á. Kò sì yẹ kí ìjọba fi tirẹ̀ sílẹ̀ láìṣe. Ọkọ mi gbọ́ mi títí, ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́ ẹyin tí wọn yóò hú nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo. A ti wá fẹnu kò báyìí pé a óò wá yàrá lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò yìí kan náà, kí omi má bàa bá wa, kí ọ̀nà iṣẹ́ má sì jìn. Bí a kò bá rí i kí òjò tún tó bẹ̀rẹ̀, a óò tún jókòó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí irú ìbéèrè yìí wà níwájú yín, ẹ má fi ẹyin tó wà nínú ẹrẹ̀ nìkan wo àdúgbò yín. Ẹ wo ipasẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì wò ó bóyá àyè wà fún yín láti padà sídìí ìtẹ́ lálaalẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.