Ẹrù Tí Kò Ṣeé Tú Kò Tíì Sọnù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni ìyàwó ilé kan ní àdúgbò wa ní Máfolúkù wá kan ilẹ̀kùn mi, ọmọ ní ẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà alágbèéká ní abíyá. Kí n tó bi í léèrè ohun tí ó dé, omijé ti gba ojú rẹ̀ kan.

Olùyàwòrán tí ó ya àwòrán ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni ó di gbogbo àwòrán náà pọ̀ sínú fáìlì ZIP kan, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú fíláàṣì fún un. Iná mànàmáná lọ lójijì kí iṣẹ́ náà tó parí. Nígbà tí iná padà dé, orúkọ fáìlì náà hàn nínú fíláàṣì, àwọn méjèèjì sì rò pé ó ti pé. Kò sí ẹni tí ó tú u wò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí obìnrin yìí fẹ́ ṣí i, kọ̀ǹpútà ní ó ti bàjẹ́. Olùyàwòrán sì ti pa tirẹ̀ rẹ́. Láàárín oṣù mẹ́rin náà, ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti di olóògbé.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ìyá wa àti ọmọ yìí kò jọ ya àwòrán mìíràn. N kò tíì lè sọ fún bàbá ọmọ mi."

Ẹ jẹ́ kí n fi àpótí aṣọ ṣe àlàyé. Bí a bá ń di ẹrù ìrìn-àjò, a ó ká aṣọ kọ̀ọ̀kan kí ó lè kéré, a ó lẹ orúkọ mọ́ ọn, a ó sì kọ ìwé ohun gbogbo tí ó wà nínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì ZIP, tí Phil Katz ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1989, ṣe rí. Àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró, orúkọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí ẹrù pátápátá ni ìwé àkọsílẹ̀ wà. Ìwé yìí ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń wá. Bí ìparí ẹrù bá ti já, yóò kéde pé gbogbo ẹrù ti bàjẹ́, nígbà tí àwọn aṣọ tí a kọ́kọ́ ká ṣì wà ní ipò wọn.

Nítorí náà, bí irú èyí bá dé bá yín, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

Ẹ̀kínní, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa tún ẹ̀dà náà ṣe. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ ṣe "Format" fíláàṣì, ẹ má gbà. Ẹ má sì kọ ohun tuntun sínú rẹ̀.

Èkejì, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi ránṣẹ́. Bí tirẹ̀ bá ṣì wà, ẹ̀dà tuntun sàn ju àtúnṣe lọ. Bí fáìlì tiyín bá kéré sí tirẹ̀, kò dé tán ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ lo WinRAR, tí ó ní iṣẹ́ tí a ń pè ní "Repair". Yóò wo ẹrù náà láti orí dé ẹsẹ̀, yóò ka orúkọ tí ó wà níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Àwọn tí ó ṣe é ṣe RAR fún fóònù Android pẹ̀lú, ó sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ẹ bá ń tú ẹrù, ẹ yan "Keep broken files". Bí ẹ kò bá yàn án, yóò da àwòrán tí kò pé nù.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ̀dà ni kí ẹ gbé fún oníṣẹ́. Ẹ má sì san owó fún ẹni tí ó bá ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò padà. Ohun tí kò wọ inú fíláàṣì rárá, kò sí ẹni tí ó lè yọ ọ́ jáde níbẹ̀.

A ṣe gbogbo èyí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ìdajì àwọn àwòrán náà ni ó jáde ní pípé. Èyí tí ó jáde kẹ́yìn kò pé: apá òkè rẹ̀ mọ́ kedere, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Gèlè ìyá ọkọ rẹ̀ hàn, ojú rẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín hàn, orí ọmọ náà hàn ní àyà rẹ̀. Ọwọ́ ìyá náà ni kò sí níbẹ̀. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní, "Ìyá wa nìyí." Ó dì mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì lọ fi han ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má ṣe di gbogbo àwòrán sínú ẹrù kan ṣoṣo. Àwòrán tí kámẹ́rà tàbí fóònù yà ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀, dídì rẹ̀ sínú ZIP kì í fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Ẹ tú ẹrù wò lójú ẹni tí ó fún yín. Ẹ má fa fíláàṣì yọ láìṣe "Eject". Bí ẹ bá ń fi RAR di ẹrù, ẹ fi "recovery record" sí i: yóò wúwo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó lè fi í tún ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sí ilé, òmíràn sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín. Èyí tí ẹ fẹ́ràn jù nínú wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ẹ fi í kọ́ ara ògiri.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a pàdánù ohun ìrántí wa. Ó di oṣù tí ń bọ̀.