Ta Ni Ó Gba Ọ̀kọ̀ Lọ́wọ́ Ọdẹ Inuit?

Àwọn kan a máa sọ pé nígbà tí ọ̀làjú dé bá àwọn Inuit, ọdẹ ilẹ̀ yìnyín ní àríwá Kánádà, ṣe ni wọ́n ya ọ̀lẹ, tí wọ́n jókòó ti owó ìrànwọ́ ìjọba. Mo ta ko ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. A kì í de ọdẹ lápá tán kí a tún pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òwò. Séèlì, ẹran inú òkun, ni ọdẹ Inuit ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹran rẹ̀ ni oúnjẹ, ọ̀rá rẹ̀ ni epo àtùpà, awọ rẹ̀ ni aṣọ àti bàtà. Àwọn oníṣòwò, pàápàá ilé iṣẹ́ Hudson's Bay, ni wọ́n fà á sídìí dídẹ tàkúté fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun, nítorí awọ tí wọ́n ń tà ní òkè òkun. Ní òpin àwọn ọdún 1940, awọ náà kò mówó wọlé mọ́. Ebi dé, ìjọba sì pe ebi ní ìwà ọ̀lẹ.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Ní 1953 àti 1955, wọ́n kó àwọn ìdílé kan kúrò ní Inukjuak, ní àríwá Quebec, lọ sí Grise Fiord àti Resolute, ìrìn nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Wọ́n ṣèlérí pé ẹni tí ibẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè padà lẹ́yìn ọdún 2. Wọn kò mú ìlérí náà ṣẹ. Níbẹ̀, oòrùn kì í yọ fún nǹkan bí oṣù 3 nígbà òtútù, òfin sì ka àwọn ẹran ńlá kan léèwọ̀ fún ọdẹ tí ebi ń pa. Ọdún 2010 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ ajá tún wà níbẹ̀. Ajá ni ẹsẹ̀ ọdẹ lórí yìnyín: òun ni ó ń fa ọkọ̀, òun ni ó ń gbóòórùn ihò tí séèlì ti ń mí. Yorùbá ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá àwọn Inuit gbọ́ fèrè. Ìbọn ni kò jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọlọ́pàá àti àwọn aláṣẹ mìíràn yìnbọn pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ, wọ́n ní wọ́n léwu láàárín ìlú. Ní 2024, Kánádà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Inuit agbègbè Nunavik, níbi tí Inukjuak wà, pẹ̀lú owó gbà-máà-bínú mílíọ̀nù 45 dọ́là.

Yúróòpù náà kó ti rẹ̀ kún un. Ní 1983, wọ́n fòfin de awọ ọmọ séèlì. Àgbà séèlì ni ọdẹ Inuit ń pa, síbẹ̀ ọjà tirẹ̀ náà wó. Òfin 2009 yọ àwọn Inuit sílẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní wo ni ó wà nínú àyè láti tajà nígbà tí a ti lé oníbàárà lọ?

Ẹlòmíràn yóò ní ọ̀làjú gbé ilé ìwé àti oògùn wá. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní a gbọ́dọ̀ pa ajá bàbá kí ọmọ tó lè kàwé?

Markoosie Patsauq wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n kó lọ ní 1953. Èdè Inuktitut, èdè abínibí rẹ̀, ni ó fi kọ ìtàn ọdẹ tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1970, Harpoon of the Hunter. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin Kamik bá àwọn àgbà ọdẹ lépa béárì tí àrùn ti sọ di aṣiwèrè. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ wá ọ̀lẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa ilé tí a fi yìnyín kọ́, ẹ sọ ti ajá tí a yìnbọn pa àti ti ìlérí ọdún 2 náà fún wọn.