Owó Oníṣẹ́ Ọnà: Èdè Wo Ni Wọ́n Fi Ń Béèrè Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè náà ni.

Lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Boni Yayi (2006 sí 2016), owó ìrànwọ́ fún àṣà ní Bẹ̀nẹ̀ gòkè dé bílíọ̀nù kan séfà. Milliard culturel ni gbogbo ayé ń pè é. Ariwo pọ̀ lórí bí wọ́n ṣe pín in. Ní tiwa, ẹni tí kò tilẹ̀ lè dé ibi ìpín ló ká wa lára.

Ẹ wo àwọn tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè Kétu. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún ayé ní 2001, ó sì wọ ìwé ogún àṣà rẹ̀ ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Agbẹ́gi yìí oníṣòwò ni: ó ń ra igi, ó ń ra ọ̀dà, ó ń bọ́ ọmọ iṣẹ́, ó sì ń dúró de oníbàárà. Owó tí wọ́n bá ná sórí àjọ̀dún a tán pẹ̀lú àjọ̀dún. Owó ayùn àti ti àtíbàbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó ìjọba kọ́kọ́ yà sí.

Ṣùgbọ́n Faransé ni ìwé ìbéèrè. Ẹni tó bá bá a kọ ọ́ a sì fẹ́ gba tirẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ìrànwọ́. Faransé ya subvention sọ́tọ̀ kúrò lára prêt. Bí ògbufọ̀ bá pe méjèèjì ní "ìrànwọ́ ìjọba", agbẹ́gi á rò pé ẹ̀bùn ni, títí di ọjọ́ tí wọ́n máa wá sin gbèsè. Bẹ́ẹ̀ èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀: ẹ̀bùn wà, ẹ̀yáwó wà, owó èlé náà wà.

Àwọn kan ní kí agbẹ́gi lọ kọ́ Faransé. Kó kọ́ ọ, kò burú. Àmọ́ òfin ńlá 1990 tó fi Faransé ṣe èdè ìjọba, òun náà ló sọ ní abala 11 pé gbogbo ẹ̀yà ló lómìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ.

Kí wọ́n gba ìbéèrè tí ènìyàn bá fẹnu sọ, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ èdè náà lọ wo ibi iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́jáde ìmọ̀ èdè lè ṣe é, kí wọ́n sì sanwó fún un (a kò sọ pé ká ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ o).

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ òwò láti Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹ̀yáwó nílé rẹ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa kí àtẹ̀jáde tó ń bọ̀ tó jáde.