Ìwọ̀n Àpò ni Ìwọ̀n Ìwádìí

Lọ́jọ́ kan, mo yà kí ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń ka másítàs nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àgbowó ni mo ti bá a, ní òdìkejì géètì ilé-ìwé, níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ìwé ìbéèrè tó fẹ́ pín fún àwọn ọlọ́jà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ìwé márùn-ún. Igba ènìyàn ni súpáfáísọ̀ rẹ̀ ní kó bi. Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó tún un tẹ̀, àfi bí ẹni pé iye náà yóò dín kù tí òun bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ìwé 1,000 náà ni.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tí a bá sọ lẹ́tà rẹ̀ di wínníwínní, ṣé kò ní wọ ojú ìwé méjì?"

Ọkùnrin náà gba ìwé yẹn, ó nà án jìnnà sójú bí àgbà tó fẹ́ ka Bíbélì láìsí awò. "Àwọn ìyá ọlọ́jà tó o fẹ́ gbé e fún, ṣé ìwọ lo máa bá wọn ra awò?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jókòó síbi tí ìyá kan ti ń ta ẹ̀wà àti dòdò, mo béèrè ọ̀rọ̀ Ṣakí. Ọmọ yìí ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí ní agbègbè Ṣakí lòun fẹ́ kọ̀wé lé lórí: ta ní ń ra òrí lọ́wọ́ wọn, èló ló ń kù sí wọn lọ́wọ́, ta ló ń jẹ ìyókù lójú ọ̀nà. Ó fi ìtara sọ ọ́ débi pé èmi gan-an ti ń retí ìgbà tí màá kà á.

"Bàbá Ìbàdàn, mo ti yí i. Ọjà Bódìjà ni mo ń lò báyìí."

"Kí ló dé?"

"Owó mọ́tò ni, sà."

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́, làwọn àgbà wí. Ohun tí mo rí ní Àgbowó lọ́jọ́ náà ni pé ìwọ̀n àpò ti di ìwọ̀n ìwádìí. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọpọlọ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń yan àkòrí. Ọpọlọ ló ń dábàá; àpò ló ń fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti Ìbàdàn, èèyàn á gba Ìsẹ́yìn kọjá kó tó dé Ṣakí, ìrìn náà kì í sì í ṣe ti àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan fún ẹni tó fẹ́ jókòó ti ènìyàn, kó gbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa òrí ní láti lọ nígbà tí wọ́n ń ṣa èso rẹ̀, kó tún lọ nígbà tí ọjà rẹ̀ bá kún. Ẹ fi ibi tí yóò sùn kún un, kí ẹ sì fi nǹkan tí yóò fún ẹni tó ń mú un kiri kún un. Kí oṣù Èbìbí ọdún 2023 tó parí, lítà epo kan ní ilé epo ìjọba kò tó 200 náírà. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan ti ń sún mọ́ 500. Ní oṣù Agẹmọ, ó di 617. Nígbà tó fi máa di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dábàá iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí epo wà ní iye kan, iye mìíràn ló fi máa ṣe é. Mo sì ti ka ọ̀pọ̀ ìwé àbá ìwádìí, mi ò tíì rí èyí tó fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún owó epo.

Ibi tó já sí nìyí: ẹ wọ ibi tí wọ́n ń kó àpilẹ̀kọ pamọ́ sí nínú àwọn yunifásítì wa, kí ẹ ka àkọlé wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ wà ni púpọ̀ nínú wọn ń parí sí. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ló wà ní Òkè-Ògùn, níbi tí Ṣakí wà, tí oúnjẹ wa sì ti ń wá, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ náà la mọ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín lọ. Àwọn ìyá Bódìjà ti dáhùn ìbéèrè títí ó fi sú wọn. Ọ̀kan nínú wọn wo ọmọ àbúrò mi tòun ti bébà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ìbéèrè yín ò tán rí, ẹ ò sì ra ẹ̀wà rí."

Owó mọ́tò ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọjọ́. Owó ilé-ìwé ni gbogbo ayé ń pariwo, nítorí pé ó máa ń wà lórí risíìtì. Owó ọjọ́ kì í ní risíìtì. Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, wọn kò padà títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Olùkọ́ ń bínú sí ìjọba, ìjọba ń bínú sí olùkọ́, ṣùgbọ́n onílé ní Àgbowó kò bínú sí ẹnikẹ́ni, owó ilé rẹ̀ ló ń béèrè. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Bí a bá fi ìyẹn ṣírò oṣù mẹ́jọ, 240,000 náírà ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi jókòó, láì ka ojú ìwé kan fún súpáfáísọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ti kọ́ wa pé iye tí nǹkan kan ń ná wa ni ohun tí a fi sílẹ̀ ká tó mú un. Ẹgbẹ́ ọmọ àbúrò mi tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dún tí ọmọ náà wọ yunifásítì ti ń gba ọmọ iṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi ṣì ń gba àtúnṣe orí kejì.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn ṣì ń lọ ka másítàs? Mo bi í. Ó ní nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, àwọn tó wá nítorí ìmọ̀ kò ju ọwọ́ kan lọ. Àwọn yòókù sin ìlú tán, wọ́n wá iṣẹ́ tì, wọ́n ní káwọn kúkú ka másítàs. Ilé-ìwé ti di gáréèjì tí wọ́n ti ń dúró de mọ́tò tí kò tètè dé. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ó sàn kéèyàn dúró níbi tí ìmọ̀ wà ju kó dúró lójú fèrèsé ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró de mọ́tò kì í gbé ẹrù wúwo. Àkòrí tó máa tètè parí ló ń wá. Ẹni tó sì ń lé máàkì 60, èyí tí wọ́n ń pè ní "PhD grade" ní Ìbàdàn, kò ní fi ara rẹ̀ wewu lórí ọ̀nà Òkè-Ògùn nígbà tí ọjà wà nítòsí.

Ọ̀nà kejì, fún ẹni tí kò fẹ́ kà á nílé, ni kí èèyàn já pa. Ìyẹn náà ní ìṣírò tirẹ̀. Ní ọdún 2023, ẹni tó fẹ́ lọ kàwé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ní gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́dọ̀ fi pọ́n-ùn 1,023 hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, fún oṣù mẹ́sàn-án. Pọ́n-ùn 9,207 nìyẹn, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé. Iye náà kò yí láàárín ọdún kan, náírà ló yí. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 ní báńkì ti kọjá 1,500 nígbà tó fi di oṣù Èrèlé ọdún 2024. Ẹni tó ti ń tọ́jú náírà sí báńkì láti ọdún mẹ́ta rí i pé ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń sún sẹ́yìn bí òun ṣe ń sún mọ́ ọn.

Owó yìí sì gbọ́dọ̀ sùn ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko kí àwọn aláṣẹ físà tó gbà á gbọ́. Ìyẹn ló bí òwò kan láàárín wa: àwọn tó ń yá èèyàn ní owó tí kò ní fọwọ́ kàn. Yóò kàn sùn lórúkọ rẹ̀ ni, wọn yóò sì gba èlé orí oorun náà. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítàs kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Iye tí kò sí nínú ìwé ìṣírò kankan nìyẹn, ọdún kan tí bàbá kò fi rí ọmọ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ìlú òyìnbó ni òpin ìyà o. Ní Jámánì, yunifásítì ló gba púpọ̀ nínú àwọn tó ń ka oyè ọ̀mọ̀wé síṣẹ́, owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gbé owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn ẹni tó ń ka PhD, wọ́n á fún un lówó ìgbọ́bùkátà, kó máa bá wọn kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Bélú ọdún 2022, ní yunifásítì Kalifọ́níà, nǹkan bí 48,000 òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ló pọ̀ jù nínú wọn, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé owó táwọn ń gbà kò tó san owó ilé. Oṣù kan lẹ́yìn tí àwọn olùkọ́ wa padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ ká rí. Lọ́hùn-ún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jà pé owó tí wọ́n ń san fáwọn kéré. Níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sanwó kí ìlú lè ní ìmọ̀.

Ìjọba ti ṣe díẹ̀. Owó yíyá akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Igbe ọdún 2024 kò ní èlé, ó sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba oyè àkọ́kọ́ àti ẹgbẹ́ wọn ní pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi ṣe é. TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé-ìwé gíga, náà wà, tí owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san ń bọ́. Nígbà náà, òfin ọdún 2023 ti sọ owó orí ẹ̀kọ́ di náírà 3 nínú 100 náírà èrè. Ẹni tó ti jẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí sí jù. Ọmọ àbúrò mi kì í ṣe olùkọ́, kò sì wá oyè àkọ́kọ́. Àárín méjèèjì ló há sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé ife omi dè é.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀: àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa. Ní ọdún 1945, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀. Wọ́n ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1948, ọdún kan náà tí yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kó ara wọn jọ. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa kò tíì kú. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìlú, tí wọ́n ń rán aṣọ kan náà, tí wọ́n ń pe olórin. Àwọn tó tiẹ̀ ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nínú wọn, ọmọ tó ń wọ yunifásítì ni wọ́n máa ń rò.

Ẹ̀yin ọmọ Ṣakí, ẹ̀yin ọmọ Kìṣí, Òkèhò, Ìgbòho àti ìlú yòówù tí yunifásítì kò sí nítòsí rẹ̀, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga kan, ẹ má bi í bóyá ọmọ ìlú yín ni. Ẹ san owó mọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ọ̀kan nínú yín fún un ní yàrá tí yóò sùn, kí ìyá àgbà kan máa bù ún ní oúnjẹ. Àdéhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ bá a ṣe, pé bó bá parí, yóò padà wá sí gbọ̀ngàn ìlú, yóò fi Yorùbá sọ ohun tó rí fún àwọn obìnrin tó bi ní ìbéèrè. Mo bá ọmọ àbúrò mi ṣírò iye tí ìyẹn máa jẹ lórí fóònù rẹ̀ ní Àgbowó. Kò tó owó aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́ta.