Ẹ Fi Mítà Wò Ó Ná

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ń kàwé ní Kaduna, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá dákẹ́, irin tí a fi ń jó léèdì la máa ń sáré mú. Àwa kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo Commodore 64 tó jáde ní 1982. Àpótí iná rẹ̀ ń gbé fólítì 5 wọ inú pánẹ́ẹ̀lì. Bí ohun tó ń di fólítì yìí mú bá bàjẹ́, iná á ru sókè, á sì jó àwọn IC tó ń rántí nǹkan. Ẹlòmíràn á ra IC tuntun, á tú ti àtijọ́ títí wáyà bàbà ara pánẹ́ẹ̀lì á fi ṣí, á wá ki àpótí iná kan náà bọ̀ ọ́. Tuntun á tẹ̀ lé àtijọ́ lọ sọ́run! Kí ni pánẹ́ẹ̀lì ṣe?

Bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ Commodore ti wọ gbèsè ní 1994. IC olóhùn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SID kò sí lórí àtẹ mọ́. Èyí tó bá jóná, ó lọ nìyẹn. Iná ọba tiwa náà kì í dúró lójú kan.

A ń bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́: ẹ ra mítà kan sọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni lè wọn fólítì 5 yẹn kó tó gbé pánẹ́ẹ̀lì lọ sí Panteka. Ẹ yọ ọ́ nínú owó onílù.