Ẹni Tí Àlùwàlá Rẹ̀ Kì Í Tán

Àwa tí à ń bójú tó ibi àlùwàlá ní mọ́sálásí wa ní Olówógbowó mọ ẹni tí à ń wí. Wọ́n ti gbé ìrun dúró, ó ṣì ń fọ ẹsẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó tún padà sí ojú. Bútà kẹta rèé. Bó bá ṣe díẹ̀, á wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù oògùn pé ọwọ́ òun ń bó, ká fún òun ní ìpara. Ìpara kọ́ ló nílò.

Ọ̀pọ̀ rò pé ìdọ̀tí ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ fara balẹ̀ bi í, ẹ óò gbọ́ nǹkan mìíràn: "Bí mo bá ti ṣiyèméjì, kò pé nìyẹn." Tàbí: "Bí irú èrò yìí bá lè wá sí mi lọ́kàn, èèyàn burúkú ni mí." Ohun tó gbà gbọ́ nípa èrò ló ń dè é mọ́lẹ̀, kì í ṣe èrò náà. Ní 1978, Rachman àti de Silva bi àwọn tí ara wọn dá léèrè. Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ pé irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sọ́kàn àwọn náà. Wọn kì í kà á sí, á sì kọjá. Ẹni tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ló ń fọ̀. Bó bá fọ̀ tán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀, á wá gbà pé fífọ̀ ló kó òun yọ. Lọ́la, á tún fọ̀.

Àwọn sàábé gan-an mú irú èrò tí wọn kò lè fẹnu sọ wá bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Kò bá wọn wí; ó ní ìgbàgbọ́ tó hàn gbangba nìyẹn. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní 934, ka èrò tí kì í fini lọ́rùn sílẹ̀ mọ́ àìsàn ọkàn tó ní ìtọ́jú.

Nítorí náà, a kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Àdúà dára, ṣùgbọ́n bó bá ní láti ka Sūratu-n-Nās nígbà ọgọ́rùn-ún kó tó lè gbéra, bútà mìíràn ni kíkà náà ti dà. Àwa náà jẹ̀bi: ẹ̀ẹ̀melòó la ti sọ pé, "Tún un fọ̀, kí ọkàn rẹ balẹ̀"!

Ìtọ́jú wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Oògùn bíi fluoxetine àti sertraline ń ṣiṣẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjìlá kó tó hàn dáadáa. Ẹ má lọ rà á ní Ìdúmọ̀tà láìrí dókítà, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu wà pẹ̀lú, èyí tó le jù lójú aláìsàn: kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan bó ṣe yẹ, kó ti ẹ̀rọ omi, kó sì bọ́ sí sáàfù tòun ti iyèméjì rẹ̀.